Jótà kìlómítà inú bọ́ọ̀sì wa

Ọ̀rọ̀ owó-orí la gbé wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sá.

Èlùbọ́, gààrí àti epo pupa là ń tà ní Kamazou níbí. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ṣoṣo la ní. Òun la fi ń kó ọjà lọ sí Sabo, Kakuri, Barnawa, nígbà mìíì títí dé Kawo. Òun náà ló ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, òun ló ń gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní oṣù March ọdún tó kọjá, a kó gbogbo rìsíìtì epo àti ti mẹkáníìkì sínú ọ̀rá, a gbé e lọ bá akáńtà kan ládùúgbò. Bàbá náà tú u wò, ó ní, "Ẹ ṣeun. Èló nínú epo yìí ló gbé èlùbọ́, èló ló gbé ọmọ?" A ò mọ̀. Ó ní owó tá a ná sórí òwò nìkan ni òfin gbà ká yọ kúrò nínú èrè, tinú ilé ò sí níbẹ̀. Torí pé a ò lè pín in, díẹ̀ ló kọ sílẹ̀ fún wa. Owó tá a san lọ́dún yẹn, ká má parọ́, ó dùn wá wọ eegun.

Ló bá ní ká ra jótà. Tá a bá fẹ́ jáde, ká kọ nọ́ńbà kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ibi tá à ń lọ àti ohun tá a fẹ́ lọ ṣe. Tá a bá dé, ká tún kọ nọ́ńbà. Ká ní ọkọ̀ rin kìlómítà 24,000 lọ́dún, tí 18,000 jẹ́ ti ọjà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nìyẹn. Tí epo, táyà àti àtúnṣe bá jẹ́ ₦1,600,000, ₦1,200,000 ló jẹ́ ti òwò. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ti so iye mọ́ máìlì kọ̀ọ̀kan, 70 sẹ́ǹtì ni lọ́dún 2025. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Owó tẹ́ ẹ ná gan-an ni, pẹ̀lú rìsíìtì.

Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026, wọn ò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ dé mílíọ̀nù mẹ́ta, náírà 15 ni nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá ṣírò ₦1,200,000 tẹ́ ò kọ sílẹ̀: ó lè di ₦180,000. Owó iléèwé ọmọ mà nìyẹn!

Ìrìn àjò Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ìsìnkú la bá lọ, àmọ́ èlùbọ́ la kó bọ̀. Ilé ni àbí ọjà? Akáńtà ní ìsìnkú ló gbé wa kúrò nílé, torí náà, ilé ni. Ìyá àwọn ọmọ ò tíì gbà títí dòní.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, a fẹ́ lọ kí àbúrò wa kan ní Television. Ọmọ wa ti jókòó síwájú pẹ̀lú jótà, ó ní, "Dádì, ilé ni kí n kọ ni àbí ọjà?" Àpò èlùbọ́ méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀. A kọ́kọ́ wojú ara wa ná.