Ẹkún Àjọsun Nínú Midsommar

Ọ̀pọ̀ ẹni tó wo Midsommar, sinimá tí Ari Aster gbé jáde ní 2019, ló gbà pé ìtura ni ìparí rẹ̀ jẹ́ fún Dani. Ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀ yé mi. Ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà yìí, tí Florence Pugh ṣe, pàdánù gbogbo ará ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọmọ ìyá rẹ̀ fi èéfín ọkọ̀ pa bàbá àti ìyá wọn, ó sì pa ara rẹ̀ mọ́ wọn. Christian, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ti ń wá bí yóò ṣe já a sílẹ̀ ṣáájú. Ojú ayé ló ń ṣe tó fi dúró tì í. Bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́n, ilé ìwẹ̀ ni Dani ń sá sí, kí ó má baà ni ẹnikẹ́ni lára. Ní Hårga, abúlé kan ní Swídìn tí oòrùn kì í fẹ́ wọ̀, níbi tí Pelle, ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, mú wọn lọ, Dani ká Christian mọ́ orí Maja, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin abúlé náà, ó figbe ta, àwọn ọmọbìnrin abúlé sì kúnlẹ̀ yí i ká, wọ́n ń ké bó ṣe ń ké, wọ́n ń mí bó ṣe ń mí. Ta ni kò ní fẹ́ irú ẹbí bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n abúlé yìí ló ṣètò ohun tí Dani ń sunkún lé lórí. Siv, àgbà obìnrin wọn, ló pe Christian, tó sì fọwọ́ sí i pé kí ó bá Maja lò, àwọn ló sì fún un ní oògùn mu. Àwọn tó fi ata sí Dani lójú náà ni wọ́n ń bá a fẹ́ ẹ. Ẹ tún wo ilé tí wọ́n sun tènìyàn tènìyàn fún ẹbọ níparí sinimá náà. Ọmọ abúlé méjì yọ̀ǹda ara wọn fún ẹbọ, wọ́n fún wọn ní ohun kan lá pé wọn kò ní mọ ìrora. Nígbà tí iná dé ara ọ̀kan, ó ké tòò. Àwọn tó wà níta náà ké. Kò sẹ́ni tó lọ fà á jáde.

Ẹnìkan lè ní ìgbàgbọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀tàn, nítorí àgbà wọn tó bá pé ọdún 72 náà ń bẹ́ láti orí àpáta kú. Mo gbà pé wọ́n gbà á gbọ́. Simon àti Connie ńkọ́, àlejò méjì tí wọ́n ní àwọn fẹ́ máa lọ? Wọn kò kúrò níbẹ̀ láàyè. Òmíràn lè ní ohun tó tọ́ sí Christian ló rí. Ìkọ̀sílẹ̀ ló tọ́ sí i, kì í ṣe kí wọ́n wọ̀ ọ́ ní awọ béárì kí wọ́n sun ún.

Nítorí náà, n kò lè pe ẹ̀rín tí Dani rín níparí ní ìwòsàn. Nínú gbogbo àwọn tó bá a ti Amẹ́ríkà wá, Pelle nìkan ló kù láàyè, òun náà ló sì pè wọ́n wá síbẹ̀.