Òdo tí mo fún ọmọdékùnrin kan nítorí ìràwọ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí láì dá sí i. Lónìí, ẹjọ́ ara mi ni mo mú wá.

Olùkọ́ ni mí. PCT ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní CEG. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi, Faransé náà ni èmi náà fi ń kọ́ wọn. Ní ọdún 2009, mo sọ fún kíláàsì quatrième kan pé kí wọ́n jáde síta lálẹ́, kí wọ́n wá étoile polaire, ìràwọ̀ tó máa ń dúró sójú kan ní ìhà àríwá, kí wọ́n sì ya ibi tí wọ́n ti rí i sínú ìwé. Mo ti ya àpẹẹrẹ rẹ̀ sójú pátákó bó ṣe wà nínú ìwé mi: ilé kan, igi kan, ìràwọ̀ náà sì wà lókè téńté. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ló ya ilé, wọ́n ya igi, wọ́n ya ìràwọ̀ sókè téńté. Ọmọdékùnrin kan péré ló mú ìwé òfìfo wá. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òun wá a, òun kò rí i. Mo fún un ní òdo. Kò tán síbẹ̀. Mo bi í lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá ojú ló ń dùn ún tàbí oorun ló gbé e lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí di oṣù Kejìlá tó kọjá.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Ṣábẹ̀ tí wọ́n máa ń kó èèyàn gun òkè lọ wo ìràwọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà Parakou kọjá ti rí àwọn òkè náà, àpáta ńláńlá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, tí àwọn Faransé ń pè ní mamelles. Láyé ogun Dànhọ̀mẹ̀, ibẹ̀ làwọn baba wa ń sá sí. A kì í gùn ún bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, a máa ń kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ yìí kì í gba owó púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan: ẹni tó bá fẹ́ wo ìràwọ̀ lálẹ́ gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún òkè náà lọ́sàn-án. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ìràwọ̀ fún àwọn àlejò. Inú mi dùn débi pé mo ra bàtà tuntun.

Mo mọ̀ pé irú ìrìn àjò yìí wà nílẹ̀ Faransé. Ní Pic du Midi, lórí àwọn òkè Pyrénées, ọkọ̀ orí okùn ló ń gbé èèyàn dé orí òkè tó ga ní mítà 2,877, wọ́n sì ń sanwó láti sùn mọ́jú níbẹ̀. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ka agbègbè náà mọ́ ibi tí wọ́n ti ń dín iná ìlú kù kí òkùnkùn lè ṣú dáadáa. Tiwa kò ní ọkọ̀ okùn. Àdá ni wọ́n fún wa.

Láti aago méje àárọ̀ la ti ń la ọ̀nà tí yóò dá iná dúró. Koríko tó hù nígbà òjò máa ń ga ju èèyàn lọ, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, gbogbo rẹ̀ á gbẹ. Ẹnì kan á wá ti iná bọ̀ ọ́ nítorí òkété méjì péré, tàbí darandaran kan á fẹ́ kí koríko tútù hù fún màlúù rẹ̀. Iná náà á gun òkè. Àwọn igi tó ti gbòǹgbò bọ inú pàlàpálá àpáta láti ọjọ́ pípẹ́ á jó, ẹ̀fin á bo ojú ọ̀run, ìràwọ̀ tí èèyàn fẹ́ wò kò ní sí. Nítorí náà, a gé koríko ní fífẹ̀ ìṣísẹ̀ mẹ́fà yí ìdí òkè ká, a kó o kúrò, a fi ọkọ́ ha ilẹ̀ títí ó fi pupa. Iná tó bá dé ibẹ̀ kò ní rí nǹkan jẹ. Àwọn kan ṣa ọ̀rá omi lójú ọ̀nà, àpò ńlá méjì kún. Kó tó di ọ̀sán, awọ ọwọ́ mi ti bó. Bàbá ọdẹ kan tó ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ ló ṣáájú wa nínú iṣẹ́ náà, òun ló sì mọ gbogbo ojú ọ̀nà òkè. Ó wẹ̀yìn, ó wò mí, ó ní, “Olùkọ́, àdá kì í ṣe bíìkì o.”

A jẹ iṣu díndín àti wagasi, a sùn díẹ̀, a gun òkè ní ìrọ̀lẹ́.

Òṣùpá kò yọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọyẹ́ kò sì tíì le. Àwọn ọ̀dọ́ náà ti so aṣọ pupa mọ́ ojú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gba fóònù gbogbo wa, nítorí ó máa ń tó ìdajì wákàtí kí ojú èèyàn tó mọ òkùnkùn lára, iná funfun ẹ̀ẹ̀kan péré á sì bà á jẹ́. A jókòó sórí àpáta tó ṣì gbóná fún oòrùn. Díẹ̀díẹ̀, ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, títí tí n kò fi mọ èyí tí mo mọ̀ mọ́ nínú wọn. Ọ̀nà funfun kan gba ìhà àríwá kọjá bí ẹni da ìyẹ̀fun sílẹ̀. Obìnrin kan tó wá láti Kútọnu ní òun rò pé inú fọ́tò nìkan ni irú rẹ̀ wà.

Wọ́n ní, “Mùsíyè, ó kù sí yín lọ́wọ́.”

Mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti étoile polaire. Ìwé ní Grande Ourse ni ká fi wá a. Kò sí níbẹ̀. Ní òru oṣù Kejìlá, lọ́dọ̀ tiwa, ó ṣì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní àkókò yẹn. Mo rí Cassiopée, ìràwọ̀ márùn-ún tó tò bíi lẹ́tà M. Mo ti ibẹ̀ wá a lọ sókè, mo wá a sọ́tùn-ún, mo wá a sósì. Òógùn bò mí. Fóònù tí ì bá gbà mí sílẹ̀ wà nínú àpò àwọn ọmọ yẹn.

Bàbá ọdẹ bi mí pé, “Kí lò ń wá, Olùkọ́?”

“Ìràwọ̀ tí kì í kúrò lójú kan ni, Baba.”

Ó na àdá rẹ̀. Kò nà án sókè. Ọ̀ọ́kán ló nà án sí, bí ẹni ń tọ́ka sí oko ẹlòmíràn. “Òun nìyẹn.” Lókè díẹ̀ síbi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, ìràwọ̀ kan dá dúró, kò tilẹ̀ mọ́lẹ̀ tó àwọn mìíràn. Ó ní, “Bó o bá wà nílẹ̀, igi àti ilé á bò ó. Orí òkè la ti ń rí i.”

Mo na apá, mo di ẹ̀ṣẹ́, mo gbé e lé ojú ilẹ̀ níwájú mi. Ẹ̀ṣẹ́ kan péré bo ìràwọ̀ náà. Ìgbà yẹn ni ìṣirò tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún yìí wá sí mi lórí: bí ibi tí èèyàn wà bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó ní ìhà àríwá, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ yẹn ṣe máa ga tó. Paris wà ní degré 49, ó tó ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún tí a tò léra. Ṣábẹ̀ wà ní degré 8. Ọmọ Paris ni wọ́n ya àwòrán inú ìwé mi fún. Àwọn tó ya ìràwọ̀ sókè téńté lọ́jọ́ yẹn kò wo ọ̀run rárá, pátákó mi ni wọ́n wò. Ẹnì kan ṣoṣo tó jáde síta ni mo fún ní òdo.

Mo sọ fún àwọn àlejò pé Baba ló mọ̀ ọ́n, èmi kò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ó máa dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní aago márùn-ún ìdájí, wọ́n jí wa. Grande Ourse ti yọ ní ìhà àríwá. Ní ìhà gúúsù, ìràwọ̀ mẹ́rin tò bí àgbélébùú, Croix du Sud nìyẹn, èyí tí ẹni tó wà ní Paris kò lè rí láéláé láti ilé rẹ̀. Àwa rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, lórí àpáta kan náà. Kò sí nínú ìwé mi pé ó ṣeé ṣe.

Lóṣù Kìíní, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, mo sì jẹ́ kí wọ́n rín in. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọdékùnrin yẹn. Ó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní troisième. Wọ́n ní ikú bàbá rẹ̀ ló fà á. Mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, tó ń tajà lọ́jà báyìí, ló fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Parakou ló wà, alùpùpù ló ń tún ṣe, ó sì ti bí ọmọ méjì.

Mo pè é. Mo ṣàlàyé, mo tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́, mo ń gbọ́ òòlù ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, “Mùsíyè, mo ti gun orí òrùlé bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn o. Ẹ̀gbọ́n mi ló di àkàbà mú.” Kò gbàgbé nǹkan kan.

Ó bi mí bóyá mo máa yí òdo yẹn padà. Mo ní 20 nínú 20 ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n òun gbà á. Ó wá bi mí iye èèyàn tó ń gun òkè náà, àti bóyá àyè máa wà fún òun àti ọmọ òun àgbà lọ́dún yìí. Mo ní kó mú àdá tirẹ̀ wá.