Ọfà Ẹ̀yìn Ọrùn

Oríkì Oníkòyí ò fi bò pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn. Iwájú ni akọni ti ń gbà á. Àmọ́ ẹ wo àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń kọ ebè ní Ìkòyí, lágbègbè Àpòmù àti Ìkirè, ní aago kan ọ̀sán. Ẹ̀yìn ọrùn gan-an ni oòrùn ti ń ta á. Abetíajá lè bo àtàrí, ó lè bo etí, kò dé ọrùn. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ ló mọ iṣẹ́ yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ni kò fẹ́ dé e mọ́. Wọ́n ní ti bàbá àgbà ni.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi kòkó ṣì ń rí ibòòji. Oko ẹ̀gẹ́ ò ní in. Alágbàṣe tí wọ́n ń ka ebè kí wọ́n tó sanwó fún ò ráyè jókòó ní ahéré, obìnrin tó sì ń sá láfún, oòrùn náà ló ń wá, báwo ni yóò ṣe sá fún un?

Ìtànṣán tó ń jó awọ kò ṣeé fojú rí, ìkùukùu kò sì dá a dúró tán. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló le jù. Ẹni tí kò ní aago, kó wo òjìji ara rẹ̀: bó bá ti kúrú jù ú lọ, oòrùn ti mú nìyẹn. Àwọn oníṣègùn awọ ń sọ̀rọ̀ ìpara SPF 30, kéèyàn máa tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ra ìyẹn fún ẹni tó ń làágùn nínú ebè? Ṣẹ́ẹ̀tì bọ́síkọ́nà alápá gígùn tó nípọn sàn fún un. Òrí tiwa ń mú awọ rọ̀ ni, kò tó dí oòrùn.

Àwọ̀ dúdú ti bá wa gbé apata díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lóye ẹni tó ń fowó ra ìpara ìbóra kó lè gbé tirẹ̀ sọnù. Àfín ò tiẹ̀ bá apata kankan wáyé.

A ní ọmọ Ọbàtálá ni àfín, a sì fi iyọ̀ ṣe eèwọ̀ rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá kún fún àmì dúdú, bí egbò ètè rẹ̀ bá kọ̀ tí kò jinná, ilé á ní ó ti jẹ iyọ̀ ní kọ̀rọ̀. Iyọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Oòrùn tó ti ń jó o láti kékeré ló ṣe é, irú egbò bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ awọ, èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ àfín nílẹ̀ Áfíríkà láìtọ́jọ́. Láti 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń fi 13 Okùdù ṣe àyájọ́ wọn. Ìròyìn ọ̀hún kò tíì dé ìdí ààrò.

Mo rí ọmọ àfín kan tó pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n gbé àdá fún lọ́sàn-án gangan pé kó pa koríko, láìdé nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ tirẹ̀ rárá. Ìkòkò rẹ̀ dá wà. Mo bi ọmọ náà pé fìlà ńkọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn ò gbà kí a dé fìlà pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù.”