Ìkọjá àti Ìgbékọjá: Ọ̀rọ̀ Iyọ̀, Ṣúgà àti Sẹ́ẹ̀lì

Àwọn kan máa ń sọ pé èdè wa kò lè ṣàlàyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lára awọ sẹ́ẹ̀lì ni mo sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí.

Gbogbo wa mọ̀ pé odò kì í ṣàn gòkè. Bákan náà, ibi tí nǹkan bá ti pọ̀ ni ó ti ń tú lọ sí ibi tí kò ti pọ̀. Sódíọ̀mù, tí ó wà nínú iyọ̀, pọ̀ lóde sẹ́ẹ̀lì. Pòtásíọ̀mù ni ó pọ̀ nínú. Kí ni kò jẹ́ kí méjèèjì dà pọ̀ kí wọ́n sì dọ́gba? Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára awọ náà tí kì í sinmi. Jens Skou, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1957, ó sì wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1997. Sódíọ̀mù 3 ni ẹ̀rọ yìí ń gbé jáde, pòtásíọ̀mù 2 ni ó ń gbé wọlé, ATP 1 ni ó sì ń ná sí i. ATP yìí ni owó ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wá wo gírámà wa. "Ó jáde" yàtọ̀ sí "wọ́n gbé e jáde". Nínú ti àkọ́kọ́, nǹkan náà dá lọ ni. Nínú ìkejì, ẹnìkan lo agbára. Nítorí náà ni mo ṣe ń pe ti àkọ́kọ́ ní ìkọjá, tí mo sì ń pe ìkejì ní ìgbékọjá. Ọ̀rọ̀-ìṣe "gbé" ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé a ná nǹkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ìwé lásán. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ, omi lásán kò tó o. Ẹnu ọ̀nà kan wà nínú ìfun tí glúkóòsì kì í gbà wọlé láìsí sódíọ̀mù. Sódíọ̀mù ni ó ń fà á wọlé, omi a sì tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀rọ tí Skou rí ni ó ń kó sódíọ̀mù náà jáde sí ìhà ẹ̀jẹ̀, kí òmíràn lè rí àyè wọlé. Ìdí nìyí tí a fi ń po ṣúgà ṣíbí ìmu-tíì 6 àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí, tí a gé lórí, mọ́ omi mímọ́ lítà 1, bí a ti ń múra àtigbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá tí a kọ́ ní òǹkà nìkan lè yọ ṣúgà kúrò lọ́jọ́ tí ó bá wọ́n. Èyí tí ó mọ̀ pé iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń wọlé ni kò ní yọ ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a máa fi èdè wa sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún un.