Ìrora Tó Ń Tẹ̀lé Ìrìn

Odidi oṣù mẹ́ta ni bàbá oníṣòwò pákó kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó fi ń lo oògùn ọgbẹ́ inú. Bí ó bá jókòó, ara rẹ̀ le koko. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ ra ìtì igi ní Ogun Waterside, tí ó sì rìn wọ inú igbó, àyà rẹ̀ á fún pọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í. Bí ó bá dúró sinmi, ìrora náà á lọ. Ọ̀rẹ́ kan ní àsàsí ni. Òmíràn ní atẹ́gùn inú ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kàwé ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo, Àgọ́-Ìwòyè, ló kọ̀ jálẹ̀: “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọgbẹ́ inú ló ń dúró de ìgbà tí ẹ bá ń rìn?”

Ìbéèrè ọmọ náà lọ́gbọ́n nínú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó há lè gbé ẹ̀jẹ̀ tó máa tó ọkàn tó ń sinmi. Ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ni àìtó rẹ̀ ń hàn. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń ya àwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ara ọkàn lẹ́ẹ̀mejì: nígbà ìsinmi, àti nígbà tí eré sísá tàbí oògùn bá mú ọkàn ṣiṣẹ́. Wọ́n á fa oògùn onítànṣán díẹ̀ sínú iṣan, kámẹ́rà á sì fi ibi tó dé hàn. Ibi tó ṣókùnkùn nígbà iṣẹ́ nìkan ni ẹ̀jẹ̀ kò tó. Èyí tó ṣókùnkùn nígbà méjèèjì sábà máa ń jẹ́ àpá.

Technetium, èyí tí wọ́n ń lò jù, ń pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ ní wákàtí 6 péré. Kì í ṣe ohun tí a lè kó jọ sórí àtẹ bíi paracetamol. UCH ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ irú ìṣègùn onítànṣán yìí ní 2006, ṣùgbọ́n láti Abígi, ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń da bàbá dúró ju ọ̀nà lọ: “Wọ́n á là mí láyà.” Bẹ́ẹ̀, ìwádìí ISCHEMIA, lára èèyàn 5,179, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ ẹni tí àìsàn wọn kò le sí i, oògùn nìkan kò dín ẹ̀mí wọn kù ju iṣẹ́ abẹ tàbí ṣíṣí iṣan lọ.

Bàbá wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣágámù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti lílù ọkàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹni tí irú ìrora bẹ́ẹ̀ bá sì mú lórí ìjókòó, tí kò lọ, kí ó má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ.