Ìsọtẹ́lẹ̀ Tí Kò Ní Ààlà

Nínú iṣẹ́ tí mo yàn láàyò, nọ́ńbà méjì la máa ń kọ sílẹ̀ bí ìṣirò bá parí. Àkọ́kọ́ ni èsì fúnra rẹ̀. Èkejì ni ààlà tó yí i ká, tó ń sọ bí èsì náà ṣe lè yẹ̀ tó, lókè tàbí nísàlẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló máa ń jáde nínú ìròyìn, ṣùgbọ́n èkejì ló gba ọdún lọ́wọ́ mi, òun ló gba oorun lójú mi, òun náà ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀ nípa òtítọ́.

Quark b ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Leon Lederman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí àmì rẹ̀ ní Fermilab, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1977. Quark ni àwọn èérún tó para pọ̀ di prótọ́ọ̀nù inú átọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ara wa fúyẹ́. Quark b wúwo ju prótọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ, kì í sì í pẹ́ láyé. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, tí a tún pín ọ̀kan nínú rẹ̀ sí ọ̀nà 1,000, kò ju nǹkan bí ọ̀kan àtààbọ̀ nínú ìpín náà tó ń lò kó tó túká di àwọn èérún tó fúyẹ́ jù ú lọ. A ń ṣọ́ ìtúká yìí lójú méjèèjì, nítorí pé èérún tuntun tí ẹ̀rọ wa kò lágbára tó láti mú jáde lè fi ipa rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Èérún W ló ń mú un túká, W sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po 20 quark b. Quark b kò ní agbára tó láti bí W gidi. W kàn ń yọjú ní àyè tó kéré jọjọ, ó sì ń pòórá. Bẹ́ẹ̀, èérún tí à ń pè ní gluon ló so quark b mọ́ àwọn èérún fífúyẹ́ nínú B meson, ìyẹn ìdì kékeré tí quark b ń gbé inú rẹ̀, agbára ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo quark b lọ. Ẹni tó bá kó ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìṣirò kan ṣoṣo kò ní rí èsì tó ṣeé gbọ́kàn lé.

Ọ̀nà tí a ń gbà jáde ni effective field theory. Bíríkìlà tó ń mọlé kò nílò láti mọ bí iná ṣe jó nínú ààrò tí wọ́n ti ṣe sìmẹ́ǹtì; bí sìmẹ́ǹtì náà ṣe le tó ni kó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yọ W kúrò, tí a sì ń fi nọ́ńbà díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Enrico Fermi ti ṣe irú èyí lọ́dún 1934, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé W wà. Ní nǹkan bí ọdún 1989 sí 1990, Nathan Isgur àti Mark Wise fi hàn pé bí quark bá wúwo tó, àwọn ohun fífúyẹ́ tó yí i ká kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá quark b ni tàbí quark c, irú quark wíwúwo mìíràn. Gbogbo ohun tí a bá yọ sílẹ̀ ló ní ìyókù, ọ̀nà yìí sì ń sọ fún wa bí ìyókù náà ṣe lè pọ̀ tó.

Ìtúká tí quark b ti ń di quark s, irú quark mìíràn tó fúyẹ́ jù ú lọ, tí èérún ìmọ́lẹ̀ kan sì ń jáde, ló kọ́ mi jù. Ẹgbẹ́ CLEO ní Cornell ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, lọ́dún 1993. Lọ́dún 2007, Mikołaj Misiak àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìsọtẹ́lẹ̀ jáde nípa bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ tó: 3.15 nínú 10,000 ìtúká, ààlà rẹ̀ 0.23. Lọ́dún 2015, èsì di 3.36. Ààlà ṣì jẹ́ 0.23. Ìṣirò rẹpẹtẹ ló wà láàárín ọdún méjèèjì, ṣùgbọ́n apá tó tóbi jù nínú ààlà náà wá láti ibi tí gluon ti so B meson pọ̀, níbi tí ìṣirò lásán kò tíì ràn án.

Mo ti ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀. Oṣù gorí oṣù lórí àtúnṣe kan ṣoṣo, nígbà tó sì parí, kò yí èsì padà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá mi bi mí lórí fóònù pé, “Ṣé ẹ ti wá rí ohun tí ẹ ń wá?” Mo ní, “Rárá o, Màámi. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ báyìí pé kò sí níbẹ̀.” Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Kí a tó ṣe ìṣirò yẹn, kò sí ẹni tó lè búra pé àtúnṣe náà kéré. Lẹ́yìn rẹ̀, a lè búra.

Mo jẹ́wọ́ pé àdánwò méjì ló wà nínú yíyan ààlà, àwọn méjèèjì ló sì ti bá mi jà. Ààlà tóóró máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ dán lójú ayé. Ààlà gbígbòòrò máa ń dáàbò bo ẹni tó kọ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé ó ṣì í. A ní àyẹ̀wò kan tó ń ràn wá lọ́wọ́. Àwa la yan ibi tí a ti ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àyè tó kéré jọjọ, bíi ti W, sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àyè tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi ti gluon inú B meson, nítorí náà ibẹ̀ kò yẹ kó yí èsì padà. A máa ń sún un sí ìdajì, a sì máa ń sún un sí ìlọ́po méjì. Bí èsì bá mì, a mọ̀ pé ohun kan wà tí a kò tíì ṣírò. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yìí kò rí ohun gbogbo. Mo ti jókòó níbi tí àwọn àgbà ti ń jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú lórí bóyá kí á kọ 3 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rí ọkàn ló sì máa ń parí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2014, ẹgbẹ́ LHCb ní CERN kéde pé ìtúká B meson kan tó ń mú muon méjì (ìbátan electron tó wúwo jù ú lọ) jáde kéré sí irú rẹ̀ tó ń mú electron méjì jáde. Ìdá wọn jẹ́ 0.745. Ìsọtẹ́lẹ̀ wa ni 1, ààlà rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, torí pé gbogbo wàhálà gluon ló wọ apá méjèèjì bákan náà, tó sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Lọ́dún 2021, èsì di 0.846, ó sì dájú débi pé bí ìsọtẹ́lẹ̀ wa bá tọ̀nà, ọ̀kan péré nínú 1,000 ni àǹfààní pé kí èèṣì mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Ọkàn gbogbo wa gbéra sókè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, LHCb fúnra wọn tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àwọn èérún mìíràn ti ń wọlé bí ẹni pé electron ni wọ́n, wọ́n yọ wọ́n kúrò, èsì sì bá ìsọtẹ́lẹ̀ mu. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Síbẹ̀ mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ní ìgboyà láti yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, mo sì dúpẹ́ pé ìsọtẹ́lẹ̀ 1 yẹn kò sún ní gbogbo àsìkò tí ìròyìn ń pariwo.

Ìjà mìíràn ṣì wà nílẹ̀ títí di òní. Vcb ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ó ṣe rọrùn tó fún quark b láti di quark c. Bí a bá ka gbogbo ìtúká irú bẹ́ẹ̀ pọ̀, a máa ń rí nǹkan bí 0.042, bí a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa ń rí nǹkan bí 0.039. Ó rọrùn fún ẹgbẹ́ kan láti fẹ ààlà tirẹ̀ kí àlàáfíà lè wà. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, a kì bá tí mọ̀ rárá pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ pé kí wọ́n kọ ààlà wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wo ohun tí ẹ̀rọ rí, kí wọ́n má sì yí i padà láìjẹ́ pé ìṣirò tuntun ló ní kí wọ́n yí i.