Ṣaworo Mẹ́rin

Awọ ìyáàlù tí bàbá mi fi sílẹ̀ kò ya, ọsán rẹ̀ kò sì já, ṣùgbọ́n ṣaworo mẹ́rin ti bọ́ lára rẹ̀ kó tó kàn mí. Bí mo bá gbé e kọ́ èjìká tí mo mì í, á dún bí àgbàlagbà tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, tó ṣì fẹ́ kọrin. Nígbà tí mo sọ pé màá da ṣaworo mẹ́rin náà fúnra mi, ní ẹ̀yìnkùlé, ìyàwó mi wò mí títí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tó ń tà á ti kú ni?"

Ẹni tó ń tà á kò kú. Àmọ́ àwọn tí mo rí lọ́jà, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n tẹ̀; ti bàbá mi, idẹ ni, dídà ni wọ́n sì dà á. Àwáwí tí mo ṣe fún ìyàwó mi nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé iná ló wù mí. Akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ohun tó gbóná jù tí mo dì mú lẹ́nu iṣẹ́ ni ife tíì.

Mo mú garawa irin kan, mo fi amọ̀ àti eérú rẹ́ inú rẹ̀, mo lu ihò sí ìsàlẹ̀, mo ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí ọmọbìnrin mi fi ń gbẹ irun ni mo so mọ́ ẹnu ọ̀pá náà kó máa fẹ́ èédú: ẹwìrì tèmi nìyẹn. Idẹ kò wọ́n. Orí ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́ àti àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò. Mo máa ń fi òòfà dán ohun tí wọ́n bá kó wá wò. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, àwọ̀ idẹ ni wọ́n fi bò ó.

Bàbà àti síǹkì ló para pọ̀ di idẹ, ti ẹ̀rọ omi sì sábà máa ń ní òjé díẹ̀ kó lè rọrùn láti gé. Bàbà nìkan kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Idẹ ẹ̀rọ omi máa ń yọ́ ní bíi 900 sí 940. Ìjàngbọ̀n rẹ̀ ni pé ní 907 ni síǹkì ti ń hó. Bí idẹ ṣe ń yọ́ báyìí ni síǹkì inú rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtisá lọ: èéfín funfun á rú sókè, á máa já bọ́ káàkiri bí òwú àràbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ gan-an ni mo dúró sí. Nígbà tó dalẹ́, òtútù mú mi, eegun ń ro mí, ẹnu mi dà bí ẹni tó lá kọ́bọ̀. Ìyàwó mi ní ibà ni, ó gbé àgbo kaná. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ara mi ti yá, àgbo sì gba ọpẹ́ tí kò tọ́ sí i, torí ibà èéfín síǹkì kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò dúró síbi tí èéfín ń lọ mọ́, ọmọdé kan kì í sì í sún mọ́ ibẹ̀ nítorí òjé. Àfọ́kù ìgò ni mo ń dà sórí idẹ báyìí. Á yọ́, á bò ó lójú bí ọmọrí ìkòkò.

Ẹ wò ó bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ iná. Bí mo ṣe ń rò ó náà nìyẹn fún oṣù mẹ́ta, ohun tó sì fà á nìyẹn tí mi ò fi rí ṣaworo kankan mú jáde.

Òkúta wẹ́wẹ́ kan ni ìbẹ̀rẹ̀ ṣaworo. A ó fi amọ̀ tí a pò mọ́ èédú lílọ̀ dì í títí tí yóò fi tó orógbó. Bó bá gbẹ, a ó fi ìda oyin bò ó, kó nípọn bí owó onírin. Àbẹ́là máa ń sán lọ́wọ́. Ìda oyin ló ń gbọ́ràn. A ó la ẹnu sí ìda náà, a ó fi òrùka sí i lórí, a ó fi okùn ìda ṣe ọ̀nà tí idẹ yóò gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ni amọ̀ míràn, èyí tó kúnná jù ní àkọ́kọ́, tó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ká tó wá fi amọ̀ tí a pò mọ́ imí màlúù gbígbẹ bò ó kanlẹ̀. Iná á lé ìda jáde, idẹ á gba ipò rẹ̀. Gíráàmù ìda kan, gíráàmù idẹ mẹ́sàn-án: mo máa ń fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọn ìda, kí n lè mọ iye tí màá yọ́. Bó bá tutù, a ó fọ́ amọ̀ ìta, a ó fi ìṣó họ ti inú jáde láti ẹnu rẹ̀. Òkúta nìkan ni kò ní lè jáde. Òun ni yóò máa jó nínú rẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ dà, ó pọ idẹ náà padà sí mi. Omi ṣì wà nínú amọ̀ tí mo rò pé ó ti gbẹ; ó di oru lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lu bàtà mi ní ihò. Mo ní ooru ti pọ̀ jù. Èkejì jáde pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ kan tó nípọn bí èékánná ẹsẹ̀ àgbà, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣí gbayawu. Mo ní ooru kò tó. Ẹnu tí mo là kò fẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ẹnu náà ni amọ̀ ìta fi ń di ti inú mú. Nígbà tí ìda ṣàn tán, bọ́ọ̀lù inú ṣubú fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó ku díẹ̀ kí idẹ ṣe tán ni wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ ìgbẹrun dákẹ́. Mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí apá fi kú, mo dà á, kò kún. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bú àwọn tó mú iná lọ, kí n tó fọ́ amọ̀ náà, tí mo rí i pé idẹ dé ọrùn ṣaworo kó tó dúró. Mi ò fi ihò sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa gbà jáde.

Èmi nìkan kọ́ ló máa ń ro iná ṣáá. Lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ títí dòní. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú náà, ó sì kọjá lórí gbogbo wa lọ dé Atlantis láti wá ẹni tó ṣe é. Àwọn tí mo bá sọ ọ́ fún máa ń béèrè ibi tí àwọn ará ibẹ̀ ti rí iná tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti béèrè rí. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n, iṣẹ́ Ifẹ̀ kan náà tí mo ń wo àwòrán rẹ̀ nísinsìnyí, bàbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀, bàbà sì burú láti dà: á gbé afẹ́fẹ́ mì nígbà tó bá yọ́, kì í sì í fẹ́ ṣàn wọ ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ilé amọ̀ tí wọ́n kọ́ fún un ni ǹ bá fẹ́ rí, ibi tí wọ́n la ọ̀nà sí àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi sá a. Fífọ́ ni wọ́n fọ́ ọ dànù, bí mo ṣe ń fọ́ tèmi.

Mo ti dà mẹ́rin báyìí. Bàbá onílù kan tó máa ń bá bàbá mi ròde wá kí wa, mo kó wọn lé e lọ́wọ́. Ó mì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan létí bí ẹni ń ra ẹyin. Ó ní mẹ́ta dára. Ó mì ẹ̀kẹrin lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e padà fún mi. "Èyí dití. Kí lẹ fi ṣe é?" Mo ní ẹ̀rọ omi ni, sà. Ó ní, "Omi ló ṣì ń rántí."

Èyí tí màá fi pààrọ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti ń sá a rèé. Òjò ṣú lọ́sàn-án àná. Kí n tó sáré débẹ̀, ìyàwó mi ti da bàsíà ìfọṣọ bò ó, ó sì ti gbé òkúta lé e.